KÍ A TÓ MỌ ODI NI A TI Ń GBÀDÚRÀ



Bí a bá bi ènìyàn léèrè pé níbo ni ìjọ wa wà, ògiri àti òrùlé ni yóò nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n Pétérù Àpọ́sítélì kọ́ wa pé àwa fúnra wa ni òkúta ààyè tí Ọlọ́run fi ń kọ́ ilé rẹ̀. Ìtàn Ìjọ Àgùdà ní Èkó jẹ́rìí sí ẹ̀kọ́ yìí.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìgbàgbọ́ wa dé Èkó kì í ṣe àlùfáà. Ẹrú tí ó gba òmìnira ni wọ́n, tí wọ́n padà bọ̀ láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, orúkọ wọn ni a sì fi ń pe Ìjọ Kátólíìkì títí di òní. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi wà láìní àlùfáà. Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí òun náà ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio. Kò gba oyè àlùfáà, nítorí náà kò lè rú Ẹbọ Mísà Mímọ́. Ohun tí ó lè ṣe ni ó ṣe: ó kó àwọn ènìyàn jọ sínú ilé àdúrà kékeré tí a fi ọparun kọ́, ó ṣíwájú wọn nínú Rosári Mímọ́, ó sì ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn.

Nígbà tí Fadá Francesco Borghero, ti ẹgbẹ́ S.M.A., dé Èkó ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá níbẹ̀. Ní 1868 ni Fadá Pierre Bouche wá di àlùfáà àkọ́kọ́ tí ó fi Èkó ṣe ibùgbé. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Àgbélébùú Mímọ́. Ní 1934 ni a fi ìpìlẹ̀ Katidírà tí ó wà níbẹ̀ lónìí lélẹ̀, a sì parí rẹ̀ ní 1939.

Ilé ọparun ti lọ; ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn Àgùdà kọ́ náà ti lọ. Ìjọ kò lọ, nítorí pé àdúrà ti wà nínú ilé wọn kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ǹjẹ́ àwa ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni èrò ń dé sí àdúgbò wa, Ègùn, Ìgbò, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn, ó sì tọ́ kí a máa dáwó láti fẹ ilé Ọlọ́run. Ẹ má ṣe ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá bá ra búlọ́ọ̀kù fún ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ rẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń ya àmì àgbélébùú, ta ni yóò jókòó nínú ilé náà lọ́la? Bí a bá fi gbogbo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sílẹ̀ fún Fadá àti katikísì, odi lásán ni a ń mọ. Àwọn àgbà wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, láti alẹ́ òní lọ, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan pa tẹlifíṣọ̀n àti fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí bàbá tàbí ìyá ṣíwájú, kí gbogbo ilé sì gba Bàbá Wa kan àti Mo Kí Ọ Màríà mẹ́wàá. Ẹni tí ń dá gbé, kí ó pe aládùúgbò rẹ̀. Pa Antonio kò ní ju èyí lọ lọ́wọ́, Ọlọ́run sì fi í kọ́ ìjọ.

Kí Màríà Wúńdíá bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.

Fadá yín