Ìdajì Wákàtí Péré

Ní ọdún 1930, ọkùnrin kan wà ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Paul Galvin. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, ọjà rẹ̀ kò sì tà mọ́. Ó wá pinnu pé rédíò inú ọkọ̀ ni òun yóò máa tà. Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gba ọ̀dọ̀ oníbáńkì kan lọ láti yáwó.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò. Ó rò ó pé bí oníbáńkì náà bá gbọ́ orin nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀, yóò sì yá òun lówó. Ó rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n lọ fi rédíò sínú ọkọ̀ oníbáńkì náà. Packard ni ọkọ̀ ọ̀hún, ọkọ̀ àwọn ọlọ́lá ayé ìgbà yẹn. Wọ́n fi rédíò sí i tán. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ títí di òní, ìdajì wákàtí péré lẹ́yìn náà, Packard gbiná. Galvin kò rí owó yá.

Jọ̀wọ́, má tíì kọjá níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olè. Kò ní ibi lọ́kàn sí oníbáńkì. Ẹ̀bùn ló fẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ olówó iyebíye tó jẹ́ ti ẹlòmíràn ló fi dán iṣẹ́ tuntun wò. Ìwọ náà mọ̀ pé èyí kò tọ́. Ohun tí a kò tíì mọ̀ dájú, ohun ìní ẹlòmíràn kọ́ la fi ń kọ́ ọ.

Tún wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí láyé ìgbà yẹn. Ènìyàn méjì lè fi ọjọ́ bíi mélòó kan ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n á tú dáṣíbọ́ọ̀dù palẹ̀. Wọ́n á la aṣọ òrùlé ọkọ̀ kí wọ́n lè tẹ́ wáyà tó ń gba ìgbì sí i. Rédíò náà ní bátìrì tirẹ̀, nítorí náà wọ́n á tún gé ihò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láti rí àyè fún un. Ọkọ̀ tó wọlé ní odidi á jáde pẹ̀lú ọgbẹ́ lórí, láyà àti lẹ́sẹ̀. Bí orin náà kò bá wá tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, báwo ló ṣe fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ̀ padà?

Galvin rí ọ̀nà àbáyọ níkẹyìn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1930 kan náà, ó wa Studebaker ti ara rẹ̀ lọ sí Atlantic City, níbi tí àwọn oníṣòwò rédíò ti ń ṣe ìpàdé. Kò lówó tó lè fi gba àyè nínú gbọ̀ngàn. Ó gbé ọkọ̀ síta, ó yí ohùn rédíò sókè, àwọn tó ń kọjá gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Orúkọ tó fún rédíò náà ni Motorola, orúkọ tí ìwọ náà ti rí lára fóònù. Ọkọ̀ ti ara rẹ̀ ló lò lọ́tẹ̀ yìí. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mọ Motorola, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ẹni tí Packard rẹ̀ jóná?

Ìwọ tó wà ní Anié, má sọ pé ọ̀rọ̀ Chicago kò kàn ọ́. Lójú ọ̀nà ńlá tó ti Lomé wá, tó gba Atakpamé kọjá síbí, tó sì ń lọ sí Sokodé, Peugeot 404 àti 504 ló gbé àwọn bàbá wa àti ẹrù oko wọn. 404 jáde lọ́dún 1960, 504 lọ́dún 1968. Wọn kò ṣe wọ́n mọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àgbàlá bàbá rẹ, tí ara rẹ̀ ṣì pé, ohun ìní ìdílé ni.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọmọ á jogún 504, ohun àkọ́kọ́ tí yóò sì wá sí i lọ́kàn ni orin. Á wá ẹni tó ń ṣe wáyà mọ́tò. Onítọ̀hún á fi ayùn fẹ ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kí rédíò tuntun lè wọ̀ ọ́. Á gé ilẹ̀kùn fún sípíkà. Á gé wáyà rédíò àtijọ́ kúrò níbi tí ì bá ti rọra yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, á fa wáyà tó nípọn láti orí bátìrì wọnú ọkọ̀, kò sì ní fi fíúsì sí i. Orin á dún. Gbogbo ènìyàn á yọ̀.

Ibi tí iná ti ń wá gan-an nìyẹn. Wáyà yẹn gba inú irin tó pààlà sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí ò ń jókòó. Etí irin náà mú. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbọ̀n lójú ọ̀nà ni irin ń ha rọ́bà ara wáyà, lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé ojú rí i. Lọ́jọ́ tí ìhòòhò wáyà bá kan ara ọkọ̀, gbogbo agbára bátìrì á tú dà gba ibẹ̀. Wáyà á pọ́n bí ẹyin iná, kápẹ́ẹ̀tì á sì gbiná. Fíúsì kékeré kan nítòsí bátìrì ì bá ti já kí èéfín tó rú. Ìwọ ra sípíkà olówó gọbọi, o wá ń ṣahun lórí fíúsì?

Kò sẹ́ni tó ní kí o má gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n fi rédíò àtijọ́ sílẹ̀ sí àyè rẹ̀, kódà bí kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ampílífáyà kékeré tó ní Bluetooth wà tó lè wọ abẹ́ ìjókòó. Fóònù rẹ ni yóò máa kọrin sí i. Ra sípíkà tó ti wà nínú àpótí tirẹ̀, kí o gbé e sẹ́yìn, kí o sì fi okùn dè é dáadáa. Ihò tí ilé iṣẹ́ ti dá tẹ́lẹ̀ ni kí wáyà gbà, pẹ̀lú rọ́bà létí ihò náà. Kí fíúsì má jìnnà sí orí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Ohunkóhun tí o bá tú, kó o sínú àpò kan, kí o sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ọkọ̀.

Bí tìrẹ bá jẹ́ Volkswagen alábahun, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà. Rí i pé ìdérí wà lórí bátìrì náà, nítorí irin ìjókòó lè kan orí rẹ̀ bí èrò bá jókòó. Àwọn tó ti pẹ́ jù nínú wọn, fóòtì 6 ni wọ́n ń lò. Má so ẹ̀rọ fóòtì 12 mọ́ ọn.

Kí o tó gbé ọkọ̀ lọ, sọ fún oníṣẹ́ náà pé o kò fẹ́ kí ó gé ohunkóhun, pé ohun tí ó bá fi sí i gbọ́dọ̀ ṣeé yọ láìfi àpá sílẹ̀. Dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí. Bí ó bá mú ayùn jáde, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa lọ sílé.