Ta Ni Ó Ni Ilé Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ni a fẹ́ sọ síta lónìí.

Ìyá kan nínú wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé Òṣogbo, ti ṣíwọ́ nǹkan oṣù fún ọdún 5 kí ó tó tún máa rí ẹ̀jẹ̀. Ojú tì í, ó dákẹ́ fún oṣù 8. Nígbà tí ó dé Wesley Guild ní Iléṣà, ilé ìwòsàn tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, wọ́n mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ náà ti nípọn jù.

Èròjà ara tí wọ́n ń pè ní estrogen ló ń mú awọ yìí nípọn. Progesterone ló ń kó o níjàánu. Ọ̀rá ara náà a máa pèsè estrogen, nítorí náà ni àìsàn yìí ṣe fẹ́ràn àwa tí a sanra. Bí sẹ́ẹ̀lì awọ náà kò bá tíì yí padà, kò tó 5 nínú 100 obìnrin tí yóò di jẹjẹrẹ fún láàárín 20 ọdún. Oògùn progesterone, yálà oníhóró tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ (kì í ṣe ti kọ́pà o), a máa wo ọ̀pọ̀ sàn. Wọn a sì tún awọ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù 6. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti yí padà, yíyọ ilé ọmọ ni dókítà sábà máa ń dámọ̀ràn. Ẹni tó ṣì ń wá ọmọ lè lo oògùn, ṣùgbọ́n dókítà kò ní gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ti ìyá wa ti yí padà. Ni ẹbí bá pe ìpàdé. Àkọ́bí ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Àbúrò ọkọ ní ẹni tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ yóò yàgàn bó bá tún ayé wá. Onígbàgbọ́ ni wọ́n o! Àwa náà tí a lọ kí i, ọkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ bi pé kí ni ó rò.

A kò ní kí aya má fi ọ̀ràn lọ ọkọ. Ọwọ́ ọkọ àti ọmọ ni owó iṣẹ́ abẹ sábà ti ń wá, ẹni tó sì sanwó yóò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ni owó náà rà, kò ra ara. Ilé ọmọ yìí ti gbé ọmọ 6. Àwọn tó ní obìnrin kò pé mọ́ láìsí i, ṣé òun ni wọ́n fẹ́ kó kù ni, tàbí ìyá?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá náà gba bírò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ síwèé. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ mi, èmi ni.”