Ọwọ́ Tí A Tẹ́ sí Odò

Ìtàn Òṣogbo sọ pé nígbà tí Ọba Láróòyè dé etí Ọ̀ṣun, kò da àwọ̀n sómi. Ọwọ́ ló tẹ́, ẹja odò sì fò bọ́ sí i. Ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti jáde, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Mo fẹ́ fi ìtàn yìí wọn ọ̀rọ̀ kan tó jọ ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Bí ẹ̀rọ kékeré tí kò ní wáyà bá ń ṣọ́ omi nínú Igbó Ọ̀ṣun, tó sì ń rí iná lò láti ara ìṣàn odò fúnra rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn ló gbà ni, àbí ó jalè?

Láti 1831 tí Michael Faraday ti fi hàn pé bí òòfà bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà tí a ká, iná yóò ṣàn nínú wáyà, ni ayé ti ń jẹ nínú ọgbọ́n yìí. Dánámò kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa, ọmọ rẹ̀ ni; kẹ̀kẹ́ kékeré tí omi odò ń yí lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ní 1880, Jacques àti Pierre Curie rí i pé òkúta bíi quartz ń tú iná díẹ̀ jáde bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ohun tó ń gbọ̀n kì í gbọ̀n lásán. Iná ọ̀hún kéré; lọ́pọ̀ ìgbà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì. Ṣùgbọ́n oorun ni ẹ̀rọ aṣọ́mi ń sùn jù: yóò tọ́jú ìwọ̀nba tó rí, yóò jí wo bí omi ṣe rú sí, yóò ránṣẹ́, yóò padà sùn. Sólà ńkọ́? Òjìji igi ló bo hẹ́kítà 75 igbó náà. Bátìrì sì ní láti ní ẹni tí yóò máa wọlé wá pààrọ̀ rẹ̀.

Èèwọ̀ igbó náà kò lòdì sí gbígbà. Wọn kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, wọn kì í pẹja, wọn kì í gégi. Síbẹ̀, lóṣù kẹjọ ọdọọdún, níbi ọdún Ọ̀ṣun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń bu omi Ọ̀ṣun lọ sílé. Gbígbà tí kì í béèrè, tí kì í sì í mọ ibi tó yẹ kó dúró, ni èèwọ̀ ń lé. Irú rẹ̀ ni ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò: wọ́n tú ilẹ̀, wọ́n fọ ẹrẹ̀, omi igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 sì di omi amọ̀.

Àwọn kan yóò ní iná tó kéré báyìí kò ní ẹjọ́. Ó ní. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbà, lára ìṣàn odò ló ti yọ, bó ti wù kó mọ. Ẹni tó bu igbá kan kò mú odò gbẹ, síbẹ̀ ó ń kúnlẹ̀ kó tó bù ú. Àwọn mìíràn yóò ní Ọ̀ṣun kò nílò ẹ̀rọ láti sọ̀rọ̀, ó ní ẹ́ẹ́rìndínlógún, owó ẹyọ tí wọ́n fi ń wádìí lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni, odò sì ti sọ̀rọ̀ tán: àwọ̀ rẹ̀ yí. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó ní òun kò rí ẹ̀rí, ni ẹ̀rọ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. (Ẹni tó bá sì ní ohun àjèjì kò yẹ igbó, kó rántí símẹ́ńtì tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo fi mọ ère síbẹ̀.)

Àtakò kan wà tí n kò lè tì dànù: kẹ̀kẹ́ tó ń yí nínú omi lè gé ẹja, irú ẹja tó fò sọ́wọ́ ọba. Nítorí náà, kí èyí tó ń yí wà lókè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń wọ odò. Kí ti inú igbó jẹ́ abala pẹlẹbẹ kan bí àtẹ́lẹwọ́, tí omi yóò kàn máa mì. Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò, àwọn olórí abọ̀rìṣà odò náà, ni kí wọ́n sọ ibi tí a ó gbé e sí, tàbí kí wọ́n ní ká má gbé e wá.