Ta Ló Fọ Ọgbẹ́ Náà?

Bíbélì kíkà: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16:23–34

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń wo eré ọlọ́pàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Law & Order: Special Victims Unit lórí fóònù nígbà tí ìwé kíkà bá ti sú wa. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ máa ń pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín: Odafin Tutuola. Tutuola, bíi ti Amos Tutuola òǹkọ̀wé, ọmọ Abẹ́òkúta! Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ẹ̀dá inú eré náà kì í ṣe ọmọ wa. Ice-T ni, olórin ráàpù tó dàgbà sí Los Angeles. Láti ọdún 2000 ló ti ń ṣe ọlọ́pàá nínú eré yìí.

Ohun tí àwọn tí a bí lẹ́yìn náà lè má mọ̀ ni pé ní ọdún 1992, ọkùnrin yìí kan náà àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Body Count, gbé orin kan jáde nípa pípa ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà gbóná káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ní kí ará ìlú má ra ọjà Time Warner mọ́, nítorí pé àwọn ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde. Ààrẹ George Bush àgbà bẹnu àtẹ́ lu orin náà. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Ice-T yọ ọ́ kúrò nínú àwo náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, òun àti ilé-iṣẹ́ náà pínyà. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn orin yẹn, ẹni tí ọlọ́pàá ń bínú sí ti di ọlọ́pàá inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ìdílé sì ń fi ẹ̀rín gbà á sínú pálọ̀ wọn.

Òun nìkan kọ́. Ice Cube wà nínú ẹgbẹ́ N.W.A. nígbà tí wọ́n gbé àwo orin kan jáde ní 1988. Èébú ọlọ́pàá tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 1989, ọ̀gá kan ní àjọ FBI kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde. Ní 2005, Ice Cube yìí kan náà ni aṣáájú nínú Are We There Yet?, eré apanilẹ́rìn-ín tí bàbá, ìyá àti ọmọ lè jọ jókòó wò.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Kò le. Àwọn ọ̀dọ́ tó ra káséètì wọn nígbà náà ti di òbí, wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò bá ọmọ wọn wò. Àwọn oníṣòwò sì mọ̀ pé ojú tí èèyàn mọ̀ máa ń tà. Ọjà kì í béèrè pé, “Ṣé o ti ronú pìwà dà?” Ohun tó máa ń béèrè ni pé, “Ṣé wọn yóò wò ọ́?” Bí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àná ti parí nìyẹn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò dá Ice-T lẹ́jọ́. Ní ọdún 1991, wọ́n fi fídíò ká bí àwọn ọlọ́pàá Los Angeles ṣe lu Rodney King, ọmọ aláwọ̀ dúdú, bí ẹni lu ejò. Ice-T sì ti ṣàlàyé pé orin ìfẹ̀hónúhàn ni orin òun, ohùn ẹni tí ìwà ìkà ọlọ́pàá ti sú. Ọlọ́run ló mọ ọkàn rẹ̀. Àwa tí à ń wò ó ni mo ní ọ̀rọ̀ fún. Àwa la máa ń rí ẹni tó pààrọ̀ iṣẹ́, tí a sì ń wí pé, “Ó mà ti yí padà o!” A sì ti gbé àṣà yẹn wọ inú fẹ́lóṣíìpù. Mo mọ̀, nítorí pé èmi náà jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan ní Òkè Ọya, mo máa ń ṣe ráàpù lédè Yorùbá. Arábìnrin kan kọ̀ mí, mo bá fi í kọrin. Mo dárúkọ ìlú rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, mo sì parọ́ ńlá mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fóònù gba orin náà sílẹ̀, ó sì tàn ká họ́sítẹ̀lì. Mo ń tu ara mi nínú pé èdè Yorùbá ṣáà ni, ìwọ̀nba wa díẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn tó ní ní ìlú àjèjì. Àwọn ló ń bá se ewédú ní Sátidé, àwọn ló ń bá wọ mọ́tò lọ sílé nígbà ìsinmi. Kò wá sí ìpàdé àwa ọmọ Yorùbá mọ́.

Ní ọdún kẹta, Jésù gbà mí là. N kò ṣiyèméjì nípa rẹ̀ títí di òní. Mo sun ìwé orin mi níná. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fún mi ní máìkì nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí pé àwọn ará fẹ́ràn ẹ̀rí “olórin ráàpù tẹ́lẹ̀ rí.” Mo jẹ́ ẹ̀rí náà ní ìsọjí mẹ́ta. N kò mẹ́nu kan arábìnrin yẹn rí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ìsìn. Mo rí i níjòókòó ẹ̀yìn. Bí mo ṣe gbé máìkì sẹ́nu, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Àwọn ará ń pàtẹ́wọ́. Mo kọ orin náà dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a wo onítúbú ìlú Fílípì. Wọ́n ti na Pọ́ọ̀lù àti Sílà kí wọ́n tó fà wọ́n lé e lọ́wọ́. Òun ló fi wọ́n sínú túbú ti inú lọ́hùn-ún, òun ló fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà, pẹ̀lú ọgbẹ́ lára wọn. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, ó béèrè bí òun yóò ṣe là. Wọ́n sọ fún un pé kí ó gba Jésù Olúwa gbọ́. Ìgbàgbọ́ ló gbà á là. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè ra ìgbàlà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ 33. Ní wákàtí kan náà ní òru, ó mú wọn, ó wẹ ọgbẹ́ wọn, lẹ́yìn náà ni a rì í bọmi. Omi ọgbẹ́ ṣáájú omi ìrìbọmi! Bíbélì kò sọ pé ó fi iṣẹ́ túbú sílẹ̀. Ohun tó sọ fún wa ni pé ọwọ́ tó de ẹsẹ̀ wọn ló wẹ ọgbẹ́ wọn.

Bákan náà ni Sákéù nínú Lúùkù 19: ó ronú kan àwọn tó rẹ́ jẹ, ó sì pinnu láti san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọlọ́run ti dárí jì ọ́, ògo ni fún orúkọ Rẹ̀. Ta ló wá ń kó ohun tí o dà sílẹ̀?

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ bá a. Mo bẹ sístà àgbà kan nínú fẹ́lóṣíìpù, òun ló kọ́kọ́ béèrè bóyá arábìnrin náà fẹ́ rí mi, ó sì bá mi lọ. Mo sọ pé irọ́ ni mo pa, mo sì bẹ̀bẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó gbọ́ orin náà?” N kò retí ìyẹn. Mo ti rò pé omijé mi ti tó. Ní ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó tẹ̀lé e, mo dìde, mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi. Títí di òní, kò tíì sọ fún mi pé òun ti dárí jì mí, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti fi dandan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà sí àárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ búburú, ta lo lù? Ìwọ tó ti jáde, tí o ń ṣiṣẹ́ tó dára, owó ẹgbẹ́ ta ló wà lọ́wọ́ rẹ? Ẹ̀yin aṣáájú fẹ́lóṣíìpù, bí gbajúmọ̀ kan bá wá sọ́dọ̀ Jésù láàárín yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bánábà kò sá fún Sọ́ọ̀lù (Ìṣe 9:27). Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkánjú gbé máìkì lé e lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ bá a gbé omi àti aṣọ ìnura lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, o ṣeun tí o kò ta wá nù. Rán wa létí orúkọ ẹni tí a ti gbàgbé. Fún wa ní ìgboyà láti lọ bá a ní òru òní, kí ilẹ̀ tó mọ́. Wo ẹni tí a ṣá lọ́gbẹ́ sàn, bí kò bá tilẹ̀ bá wa rẹ́rìn-ín mọ́. Ní orúkọ Jésù. Àmín.