Ta Ló Ni Àwòrán Yìí?

Ẹ̀yin arábìnrin mi nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ń palẹ̀ ìkórè mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa mú aṣọ ìbora kan wá fún básà. Àjákù aṣọ ló rán pọ̀. Ó wá gé àwọn ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sáré, tí wọ́n ń ta ọfà, láti ara aṣọ pupa, ó sì rán wọn mọ́ ọn. Ó rẹwà púpọ̀. Inú ìwé ló ti rí wọn: àwòrán ara àpáta ni, ní Tassili n'Ajjer, ní aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, níbi tí iye wọn ti lé ní 15,000. Wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi òwú kọ sí igun aṣọ.

Ìyá kan bá bi í pé: "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo ya èyí, àbí o jí i?" Kẹ́kẹ́ pa.

Èmi náà kò lè dáhùn kíákíá. Ọdún púpọ̀ ni mo fi jẹ àwọn ọmọ níyà nítorí pé wọ́n wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe kọ́ ẹní híhun ní Ìlàjẹ? Ọwọ́ ìyá wa la wò. Kò sẹ́ni tó pè wá ní olè, nítorí gbogbo ayé mọ ọwọ́ tí a wò. Ọmọ tó ń jíwèé wò ní tirẹ̀ ń fi ibi tó ti rí i pamọ́. Níbẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wà.

Ó tún kù. Ní 1956, Henri Lhote, ará Faransé, kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Tassili láti da àwọn àwòrán náà kọ. Wọ́n ń fi omi nu àpáta kí àwọ̀ lè hàn, omi náà sì ba púpọ̀ jẹ́. Aṣọ ìyàwó wa kò pa ohunkóhun lára.

Ẹnìkan ní òkú kò lè bínú. N kò gbà. Àwa ará Abereke tí òkun ń gbé ilé wa lọ, a kò ní àpáta tí a ó kọ ara wa sí. Bí ẹnìkan bá rí iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ́jọ́ iwájú, ṣé ẹ kò ní fẹ́ kí ó sọ pé Ìlàjẹ ló ni ín? Bí olóhun bá wà láàyè, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Abomey, ní Benin, àwọn ìdílé tó ń gé àwòrán mọ́ aṣọ fún ọba láyé àtijọ́ ṣì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ẹni tó bá da tiwọn kọ láti fi ṣòwò ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

A kò ní kí ìyàwó náà tú orúkọ rẹ̀, òun ṣáà ló rán an. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó fi òwú dúdú kọ "Tassili" sí abẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bi í léèrè ló sì rà á.