Bí Ẹni Tí A Pa Lára Kò Bá Ké

 

Ìbéèrè wa lónìí nìyí: bí ẹni tí a pa lára kò bá ké, ǹjẹ́ a ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀?

Ní aṣálẹ̀ Namib, ní etí òkun orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, òjò ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Síbẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí kan wà níbẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí èépá, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn pípọ́n. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Caloplaca elegantissima tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú ìran lichen ni. Kò ní gbòǹgbò. Ẹ̀dá méjì ni ó para pọ̀ di ọ̀kan: ìran olú ni ó kọ́ ilé, ewéko tóótòòtó tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Kùrukùru tí ń ti orí òkun tútù wọlé ni omi rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, yóò gbẹ, yóò sì dákẹ́ bí òkú. Bí kùrukùru bá tún kàn án, yóò jí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí pé àkókò ìtura rẹ̀ kúrú, ìdàgbà rẹ̀ lọ́ra gidigidi.

Ọba tí kò gbàgbé ohun tí ń gbé ara òkúta kò ní gbàgbé wa. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan lè yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó gba orí rẹ̀ kọjá. Kò gbọ́ igbe, kò rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ilẹ̀ òfìfo ni. Ipa táyà rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Kí a má ṣe yára dá awakọ̀ náà lẹ́bi. Alágbàṣe tí a dá owó iṣẹ́ rẹ̀ dúró, tí ó ń sọ pé, "Kò burú, Alájì," owó náà ni kùrukùru tirẹ̀. Lójú wa ni ó ti kéré. Lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ni gbogbo omi tí ó ní. Sùúrù rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ọlọ́hun kò fún ẹnikẹ́ni ní agbára láti fi díẹ̀ gbé ayé kí àwa lè gba díẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kí oníkálukú bi ara rẹ̀ pé: owó ta ni ó wà lọ́wọ́ mi? Kí a san án kí oòrùn Jímọ̀ yìí tó wọ̀.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ipa ẹsẹ̀ wa jẹ́rìí takò wá. Áámín.