Ìbàdàn Lo Mọ̀, O Ò Mọ Láyípo

Tí ẹnì kan bá ń fọ́nnu níwájú àwọn àgbà Ìbàdàn pé kò sí kọ̀rọ̀ tí òun kò mọ̀ nínú ìlú náà, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo." Onítọ̀hún lè ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Ó lè mọ Dùgbẹ̀ bí ẹni mowó, kó mọ ibi tí Cocoa House ti yọ gogoro, kó sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Èkó. Òwe yẹn kò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rán an létí ni pé ìlú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ní ìyẹ̀wù, àti pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìjókòó lọ àlejò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wá Láyípo lọ, orúkọ inú ìwé ni mo mú dání. Mo bọ́ sílẹ̀ nínú takisí Míkrà ní Bẹẹrẹ, mo ń bi ẹni tó ń kọjá àti ẹni tó dúró pé níbo ni Bower's Tower wà. Ẹnì kan ní kí n lọ sí Màpó. Ẹlòmíràn ní bóyá ilé-ìwé ni. Oòrùn ti ń ta mí lágbárí kí n tó dúró níwájú ìyá kan tó jókòó sórí àpótí, tó fi ewé bo ẹ̀kọ tútù rẹ̀. Mo tún béèrè, bí mo ṣe ń béèrè láti àárọ̀. Ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán o."

Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi orí pamọ́ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn." Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ tó tú ká. Ó ní, "Kú oòrùn, ọmọ mi. Kí lò ń wá?" Mo ṣàlàyé pé ilé gíga kan ni, tí wọ́n máa ń gùn, lórí òkè. Ó pàtẹ́wọ́: "Láyípo! Láyípo lò ń wá látàárọ̀, o ò wí!" Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ó ní kó mú mi débẹ̀.

Abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni. Àmọ́ ó yẹ kí abéèrè mọ orúkọ tí àwọn onílé ń pe ilé wọn. Captain Robert Lister Bower ni ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Ìbàdàn, láti 1893 sí 1897. Òun náà ló rọ̀jò ìbọn àgbá lé Ọ̀yọ́ lórí ní 1895. Ní 1936, wọ́n kọ́ ilé gogoro yìí sórí Òkè Ààrẹ láti fi rántí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé abẹ́ òkè wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tó ń mú ẹni tó ń gùn ún yípo yípo títí á fi yọ sókè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Láyípo. Ohun tí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Inú mi máa ń dùn sí ìdájọ́ yẹn. Wọn kò wó ilé náà, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Wọ́n kàn gba orúkọ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wá sí Ìbàdàn tó ń pe ilé náà ní Bower kò tíì bá onílé sọ̀rọ̀.

Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé yíyípo ni wọ́n ń gbà wọ Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni wọ́n fi ṣe ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí ìlú Òwu ti fọ́. Jagunjagun wá láti Ifẹ̀, láti Ọ̀yọ́, láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀gbá. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan kó àwọn èèyàn rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, ibi tó pàgọ́ sí ló di agboolé. Agboolé ló ṣáájú, ọ̀nà ló tẹ̀ lé e. Láàrin Ọjà'ba sí Bẹẹrẹ títí dé Òkè Ààrẹ, ọ̀nà á pẹ́kọrọ gba ẹ̀yìnkùlé, á gba ẹ̀gbẹ́ kànga, á gba abẹ́ igi tí àwọn bàbá ti ń ta ayò. Mọ́tò kò lè débẹ̀. Fóònù náà á gbé ẹ dé etí títì, á wá dákẹ́. Ẹsẹ̀ ló kù, àti ẹnu.

Ẹnu ọ̀hún ni mo fẹ́ kí á tẹnu mọ́. Agboolé kì í ṣe títì ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Tí o bá dé ẹnu rẹ̀, "Àgò onílé o" ni wàá kọ́kọ́ wí. Wàá dúró díẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní "Àgò yà", ọ̀nà ti là nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bi ẹ́ pé ta ló pè ọ́. Mo ti rí àwọn àlejò tó ń gbé fóònù sókè kí wọ́n tó la ẹnu, tí wọ́n ń ya ìyá tó ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń ya ọmọ tó wà níhòòhò. Wọ́n á padà sílé pẹ̀lú àwòrán púpọ̀, wọn kò sì ní mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan.

Àgò yẹn ló jẹ́ kí n rí ohun tó wù mí jù lọ ní Ìbàdàn, mi ò sì tilẹ̀ wá a lọ. Ní agboolé kan nítòsí Màpó, ìyá àgbà kan dá mi lóhùn, ó ní kí n wá mu omi. A sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ kan aṣọ. Ó dìde, ó ṣí àpótí tí òórùn káńfọ̀ ń jáde nínú rẹ̀, ó tú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀ lórí ẹní. Mo ti gbọ́ orúkọ aṣọ yẹn rí: Ìbàdàndùn. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí kí wọ́n tẹ́ ẹ síwájú ẹni. Òpó Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n kọ́ parí ní 1929 ló tò síbẹ̀, funfun lára aró dúdú, àwọn ṣíbí sì wà láàrin òpó sí òpó. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi yà á. Wọ́n á ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ láfún, wọ́n á máa fa ìlà rẹ̀ lọ sára aṣọ, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mu ún. Tí wọ́n bá rẹ ẹ́ tán tó gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ náà kúrò.

Mo bi í pé kí ni ṣíbí wá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó ní, "Wọ́n ṣe máa ní ìlú dùn tí wọn ò ní jẹun?" Ó fi àtàńpàkò tẹ òpó kan tí kò gún régé, ó ní ìyá òun ló yà á, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Àìmọye ìgbà ni mo ti dúró níwájú gbọ̀ngàn náà fúnra rẹ̀, tí mo wo òpó rẹ̀ tí mo kọjá lọ. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wò ó kí n má rántí òpó tó tẹ̀ yẹn.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá kan oúnjẹ, má bi ẹni tó wọ táì. Ní aago méjìlá ọ̀sán, wo ibi tí àwọn mẹkáníìkì àti awakọ̀ ń kọrí sí, kí o tẹ̀ lé wọn. Bùkátéríà tó dára ní Ìbàdàn lè máà ní pátákó. Èéfín àti ìlà èèyàn ni wàá fi mọ̀ ọ́n. Wàá tò, wàá kí ìyá olóúnjẹ, wàá sọ iye àmàlà àti iye ẹran láìfi àkókò ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ṣòfò. Gbẹ̀gìrì tí wọ́n bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ ja, ọbẹ̀ ata lórí rẹ̀: àbùlà nìyẹn. Fọwọ́ jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan á béèrè fún ṣíbí nítorí aṣọ ìyá àgbà yẹn, ṣùgbọ́n ṣíbí inú aṣọ ni kó wà.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, kì í sì í ṣe àárín ìlú nìkan ni ìyẹ̀wù wà. Ní Sámóńdà, nínú ọgbà àwọn àlùfáà Dominican, ilé àdúrà kan wà tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀ tó sì kọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójúmọ́, tí wọn kò mọ̀ pé ayàwòrán-ilé tí wọ́n fún ní Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2023, fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ibi àdúrà ni o. Tọrọ àyè, kí o sì rọra rìn.

Ẹyẹ kan sì wà tí ìlú yìí wà nínú orúkọ rẹ̀ títí ayé, Malimbus ibadanensis. Elgood tó ń kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn ló kọ nípa rẹ̀ fún aráyé ní 1958. Ìbátan ẹ̀gà ni, dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Agbègbè kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Igbó inú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lára ibi tó ṣì kù fún un. O lè jí lọ ní ìdájí, kí o gba àyè lẹ́nu ọ̀nà, kí o dúró títí ọ̀sán, kí o má rí i. Ìrìn náà kò ṣòfò. Igi tó wà níbẹ̀, ìlú tó yí i ká ti gé tirẹ̀ tán.

Èyí tó kù ni ohun tí kò yẹ kí àlejò fi ṣe ìran wò. Ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, ọjà kì í ná, wọn kì í dáná, òkò ọ̀rọ̀ àti orin tí etí kì í gbọ́ ní ọjọ́ mìíràn ló ń fò ní ìgboro. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sí ọ, ìbùkún ni, má bínú. Tí Abọkè, àwòrò òkè náà, bá ń kọjá pẹ̀lú irun dídì, tí ẹnì kan bá ní kí o sọ fóònù kalẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ìlú náà ló ń bá òkè tó dáàbò bò ó sọ̀rọ̀. Oore ni pé wọ́n jẹ́ kí o wà nítòsí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọmọ tí ìyá ẹlẹ́kọ fi ṣe amọ̀nà mi ló ṣáájú mi gun Láyípo. Ó ń sáré, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, ògiri súnmọ́ èjìká mi lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a yọ, páànù ló lọ bẹẹrẹ títí tí ojú kò fi lè tó o mọ́, pípọ́n lórí pípọ́n. Mo ń wá Cocoa House. Ọmọ náà ní, "Ilé wa nìyẹn." Mo tẹ̀ lé ìka rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Ó ní, "Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa páànù rẹ̀ dà. Màmá àgbà wà níwájú rẹ̀." Mo ní mi ò rí i. Ó fa apá aṣọ mi, ó ní ibi tí mo kọjú sí kọ́, kí n yí sí ọ̀dọ̀ òun.